Ta Ló Wà Nílé? Títò Kernel Linux fún Láptọ́ọ̀pù Tòkunbọ̀ ní Ajido

Ẹ mú fóònù Android tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ wọ ibi ìṣètò rẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "About phone" sí. Bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ síwájú, ẹ ó kan ìlà kan tí wọ́n pè ní "Kernel version", tí nọ́ńbà bíi 5.10 tàbí 5.15 wà lẹ́yìn rẹ̀. Linux nìyẹn. Ìbáà jẹ́ Tecno, ìbáà jẹ́ Infinix tàbí itel, Linux ló ń darí rẹ̀ nísàlẹ̀. Òun kan náà ló ń darí gbogbo 500 kọ̀ǹpútà tó lágbára jù lọ láyé. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2017 ni kò ti sí òmíràn mọ́ nínú àkọsílẹ̀ wọn. Nítorí náà, apẹja tó ń fi fóònù wo bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí létí ọ̀sà Ajido ti ń lo Linux kí ẹnikẹ́ni tó bá a sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà rárá.

Kernel ni apá ètò tó máa ń kọ́kọ́ jí tí a bá tan ẹ̀rọ, òun náà ló sì ń sùn kẹ́yìn. Kò sí ètò kankan, ìbáà jẹ́ ti orin, ìbáà jẹ́ WhatsApp, tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ kan díìsìkì, mẹ́mórì tàbí Wi-Fi. Kernel ni wọ́n ń bẹ̀ pé kó bá àwọn ṣe é. Òun ló ń pín mẹ́mórì, òun ló ń sọ ètò tí yóò ṣiṣẹ́ báyìí àti èyí tí yóò dúró dè é. Òun náà ló gbọ́ èdè ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ẹ̀rọ. Apá tó gbọ́ èdè ẹ̀yà kan là ń pè ní driver. Ìlà kóòdù tó wà nínú Linux lónìí ti ju mílíọ̀nù 30 lọ, driver ló sì gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Kò rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Helsinki ní Finland, dáwọ́ lé iṣẹ́ yìí, kọ̀ǹpútà 386 kan ṣoṣo tó wà ní yàrá rẹ̀ ni kernel rẹ̀ mọ̀. Ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ló kéde rẹ̀, ó ní òun kàn ń fi ṣeré ni. Eré náà di iṣẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn káàkiri ayé, kálukú sì ń mú driver ẹ̀rọ tirẹ̀ wá. Nígbà tí ẹ̀dà 3.8 fi máa jáde ní oṣù kejì ọdún 2013, wọ́n ti yọ 386 fúnra rẹ̀ kúrò nínú kóòdù. Kernel tó bẹ̀rẹ̀ nílé ẹnì kan ti di ti gbogbo ayé, ó sì ti gbàgbé ẹ̀rọ tó bí i. Iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe nínú orí yìí ni pé kí kernel tún mọ ẹ̀rọ kan ṣoṣo dáadáa: èyí tó wà níwájú yín.

Àwọn tó ń pín Linux fún aráyé, bíi Debian àti Ubuntu (èyí tí Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, dá sílẹ̀ ní 2004), kò mọ ẹ̀rọ tí ẹ ó gbé e sí. Wọ́n á wá kó driver gbogbo ẹ̀rọ abẹ́ ọ̀run sínú ẹ̀, kí ó lè ṣiṣẹ́ fún ẹni tó wà ní Tokyo àti ẹni tó wà ní Tópò. Ìyẹn dára. Mi ò bú wọn.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí àwọn tó ń polówó iṣẹ́ yìí kì í fẹ́ sọ. Kernel tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ tò kì í fi bẹ́ẹ̀ yára ju ti Debian lọ. Driver tí ẹ kò lò kì í wọ mẹ́mórì. Orí díìsìkì ló jókòó sí, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní kí ẹ tò kernel kí Firefox lè máa sáré, ó ń tàn yín jẹ ni. Ẹni tó bá sì ń fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá oúnjẹ òòjọ́, tí kernel Debian ń ṣe dáadáa fún un, kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àǹfààní iṣẹ́ yìí wà níbòmíràn. Kernel kékeré kì í gba àyè púpọ̀ lórí díìsìkì, kì í sì pẹ́ kí a tó tún un kọ́ nígbà tí àtúnṣe bá jáde. Kóòdù tí kò sí nínú rẹ̀ kò lè ní àléébù tí ọlọ́ṣà máa gbà wọlé. Lójú tèmi, èyí tó tóbi jù ni pé ẹni tó bá ti tò kernel rí kì í tún pe ẹ̀rọ rẹ̀ ní àwámárìídìí. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ó mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ wò.

Ajido, ìlú àwọn Ègùn létí ọ̀sà Àgbádárìgì, Zangbeto ni aráyé mọ̀ ọ́n mọ́ ju kọ̀ǹpútà lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà márosẹ̀ Àgbádárìgì sí Èkó tó kọjá lágbègbè náà ló gbé èèyàn dé ọjà Alábà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọjọ́, níbi tí ẹrù tòkunbọ̀ kún fọ́fọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò jìnnà púpọ̀ sí i kí èèyàn tó dé Computer Village ní Ìkẹjà. Láptọ́ọ̀pù tí akẹ́kọ̀ọ́ tàbí olùkọ́ lágbègbè yìí máa ń rà, tòkunbọ̀ ni: ẹ̀rọ tí iléeṣẹ́ kan nílẹ̀ òyìnbó ti lò tí wọ́n sì ti yọwọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan tó wọ́pọ̀, ThinkPad X230 tó jáde ní 2012. Inú rẹ̀ ni Intel Core i5 wà, RAM rẹ̀ lè jẹ́ 4 GB, bátìrì rẹ̀ sì lè ti kú pátápátá débi pé tí wọ́n bá mú iná, ẹ̀rọ náà á kú lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ bátìrì yìí sọ́kàn, a ó padà kàn án.

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ ṣe ni kí ẹ bi ẹ̀rọ náà léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣí tẹ́mínà, ẹ tẹ àṣẹ yìí:

lspci -k

Ohun tó máa jáde gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sá fún un. Lórí X230, ẹ ó rí ìlà kan tó dárúkọ 82579LM ti Intel. Ojú ihò tí wọ́n ń ki wáyà íntánẹ́ẹ̀tì bọ̀ nìyẹn, lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì kọ "Kernel driver in use: e1000e" sí. Ẹ ó rí Centrino Advanced-N 6205, èyí tí í ṣe Wi-Fi; driver rẹ̀ ni iwlwifi. Àwòrán ojú ẹ̀rọ ń lo i915, ohùn ń lo snd_hda_intel, díìsìkì ń lo ahci. Ẹ da orúkọ wọ̀nyí kọ sínú ìwé, bíró àti tákàdá gan-an ni mò ń wí, torí pé ọjọ́ tí ẹ ó nílò rẹ̀ jù ni ọjọ́ tí ẹ̀rọ kọ̀ láti tàn.

Kóòdù kernel wà lórí kernel.org, ọ̀fẹ́ ni. Wàhálà tó wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń fi owó ra dátà ni bó ṣe tóbi tó: ẹ̀dà 6.12, tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, súnmọ́ 150 MB bó ṣe wà nínú ìdì, bí ẹ bá sì tú u, ó ju 1 GB lọ lórí díìsìkì. Mo dárúkọ 6.12 torí òun ni Debian 13, tó jáde ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 2025, ń lò, wọ́n sì ń tún un ṣe lọ fún ọdún púpọ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá ni ẹ̀dà tuntun ń jáde, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì pẹ́ kí wọ́n tó pa wọ́n tì. Ẹni tí dátà ń jẹ lówó, ẹ̀dà tí wọ́n ṣèlérí pé àwọn máa tọ́jú fún ìgbà pípẹ́ ni kó dúró tì. Kò sí ohun tí ẹ ń lé.

Fáìlì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòdù náà tí orúkọ rẹ̀ parí sí ".sign". Ẹ gbà á pẹ̀lú. Òun ni ẹ̀rí pé ohun tó dé ọ̀dọ̀ yín ni ohun tí àwọn oníṣẹ́ náà fi ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò ó, wọ́n á ní ta ni yóò wá jí kernel. Ní ọdún 2011, àwọn ọlọ́ṣà wọ inú ẹ̀rọ kernel.org gan-an, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ sì ni ojúlé náà fi wà ní títì kí wọ́n tó tún un ṣí. Ohun kan máa ń da àwọn akọ́ṣẹ́ láàmú níbí: orí fáìlì tar tí a ti tú kúrò nínú xz ni wọ́n bu ọwọ́ lù, kì í ṣe orí ìdì xz fúnra rẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò:

xz -cd linux-6.12.tar.xz | gpg --verify linux-6.12.tar.sign -

Ó kù ká tò ó. Ohun tí ẹ lè yàn nínú kernel ju 10,000 lọ. Ẹni tó bá ní òun máa ka gbogbo rẹ̀ láti orí dé ìdí, ọdún yóò yí po lórí rẹ̀. Kò sí ọlọ́gbọ́n tó ń bẹ̀rẹ̀ láti òfìfo. Kernel Debian tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ lórí ẹ̀rọ yín ti ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀ nínú /boot, ẹ dà á kọ sínú fóldà kóòdù tuntun, kí ẹ fún un lórúkọ ".config", kí ẹ wá pàṣẹ pé:

make olddefconfig

Ìyẹn ni pé ohun tí Debian yàn ni kí wọ́n yàn fún yín, kí ohun tuntun tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ náà sì rí bí àwọn tó kọ kernel ṣe fẹ́ kó rí. Bí ẹ bá kọ́ kernel látibẹ̀, yóò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n driver gbogbo ayé ṣì wà nínú rẹ̀, i5 yẹn yóò sì fi wákàtí mélòó kan jà á. Ibi tí wọ́n ti ń gé e kúrú ni àṣẹ mìíràn tó ti wà láti ẹ̀dà 2.6.32 ti ọdún 2009, iṣẹ́ ọwọ́ Steven Rostedt:

make localmodconfig

Àṣẹ yìí máa ń wo àwọn driver tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, yóò fi wọ́n sílẹ̀, yóò sì yọ gbogbo ìyókù tó jẹ́ módù, ìyẹn driver tí wọ́n máa ń pè nígbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀ nìkan. Ohun tó ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún bẹ̀rẹ̀ lè wá dín sí ọgọ́rùn-ún àti díẹ̀. Iṣẹ́ tó gba wákàtí púpọ̀ lè wá má tó wákàtí kan. Ó dùn mọ́ni, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀fìn wà. Ó dà bí ẹni tó wá ka àwọn ará ilé ní ọ̀sán gangan: ọmọ tó lọ sílé ìwé, ìyá tó lọ sọ́jà, kò ní rí wọn kọ sílẹ̀, tí wọ́n bá sì dé nírọ̀lẹ́, kò sí ibùsùn fún wọn.

Ta ni kì í sábà sí nílé lórí láptọ́ọ̀pù ẹni tó ń gbé Ajido? Fóònù ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní íntánẹ́ẹ̀tì mìíràn ju pé kí wọ́n fi wáyà USB so fóònù mọ́ ẹ̀rọ, kí wọ́n pín dátà rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, kernel máa ń rí fóònù náà bí káàdì íntánẹ́ẹ̀tì, driver tó sì ń bá a sọ̀rọ̀ ni rndis_host, tàbí cdc_ncm lórí àwọn fóònù kan. Bí fóònù kò bá sí lẹ́nu wáyà nígbà tí ẹ tẹ localmodconfig, driver yìí á lọ pẹ̀lú ìyókù. Kernel tuntun á tàn, gbogbo nǹkan á dára, ẹ ó so fóònù mọ́ ọn, kò ní ṣe bí ẹni pé ó rí i rárá. Ẹ kò sì ní íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ máa fi wá ojútùú!

Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ àṣẹ yẹn, ẹ pe gbogbo ará ilé. Ẹ so fóònù, kí ẹ tan pípín dátà rẹ̀. Ẹ ki fláàṣì bọ̀ ọ́, kí ẹ sì ṣí i, torí pé fláàṣì fúnra rẹ̀ nílò driver kan, bí wọ́n ṣe to fáìlì sórí rẹ̀, ìbáà jẹ́ vfat ìbáà jẹ́ exfat, sì nílò òmíràn. Ẹ so ìtẹ̀wé tí ẹ máa ń yá lò. Ẹ ki káàdì kámẹ́rà sí ojú ihò rẹ̀. Ẹ tan Bluetooth. Ẹ ṣí kámẹ́rà orí ẹ̀rọ. Ẹ wá tẹ lsmod, kí ẹ wò bóyá rndis_host, usb_storage àti àwọn yòókù ti yọjú. Ẹni tó fẹ́ ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ lè fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lo ẹ̀rọ rẹ̀ bó ṣe máa ń lò ó, kó sì fi ètò modprobed-db máa kọ gbogbo driver tó bá jí sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ yẹn ni yóò wá fún localmodconfig. Èmi fẹ́ràn ọ̀nà kejì yìí, torí pé ìgbésí ayé èèyàn lórí kọ̀ǹpútà kì í hàn tán lọ́jọ́ kan.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ ó wọ mẹ́nù:

make menuconfig

Ojú aláwọ̀ búlúù kan ni, ẹ ó máa fi ọfà orí kíbọ́ọ̀dù rìn nínú rẹ̀. Níwájú ohun kọ̀ọ̀kan, àmì lè jẹ́ ìràwọ̀, ó lè jẹ́ M, ó sì lè ṣófo. Ìràwọ̀ túmọ̀ sí pé ó wà nínú kernel gan-an láti ìbẹ̀rẹ̀. M ni módù tí wọ́n máa pè nígbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀. Òfìfo ni pé kò sí. Ohun méjì péré ni mo fẹ́ kí ẹ fi ìràwọ̀ sí: ahci tó ń bá díìsìkì sọ̀rọ̀, àti ext4 tí fáìlì yín tò sí. Láìsí méjèèjì, kernel kò ní rí ilé tó fẹ́ gbé. Debian máa ń fi fáìlì ìrànlọ́wọ́ kan tí wọ́n ń pè ní initramfs bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá wà nínú kernel fúnra rẹ̀, ọkàn yín á balẹ̀.

Wi-Fi ní tirẹ̀, ẹ má ṣe fi ìràwọ̀ sí i. Ẹ fi í sí M. iwlwifi nìkan kò tó fún káàdì 6205 yẹn. Fáìlì mìíràn wà tí Intel ṣe, orúkọ rẹ̀ ni iwlwifi-6000g2a-6.ucode, orí díìsìkì ló ń gbé, káàdì náà kò sì ní sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi gbé e fún un. Bí driver bá wà nínú kernel láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò bèèrè fáìlì yìí kí wọ́n tó ṣí díìsìkì rárá, kò ní rí i, yóò sì dákẹ́. Bó bá jẹ́ módù, ìgbà tó bá fi máa jí, díìsìkì ti wà ní ṣíṣí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ké pé Linux ba Wi-Fi òun jẹ́, ìdí rẹ̀ kò ju èyí lọ.

Mo fẹ́ kí ẹ bẹ ibi mẹ́ta mìíràn wò nínú mẹ́nù náà kí ẹ tó jáde. Ẹ tan zram: ó ń fún ohun tó wà nínú mẹ́mórì pọ̀ kó lè kéré, ó sì wúlò gan-an fún ẹ̀rọ tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4 GB. Nínú "Kernel hacking", ẹ pa "Debug information". Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bí Debian ṣe fi í sílẹ̀, ọ̀pọ̀ GB ni kíkọ́ kernel náà máa jẹ lórí díìsìkì. Nínú "General setup", ẹ ó rí "Local version". Ẹ kọ "-ajido" síbẹ̀, lẹ́tà kékeré ni o. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá tẹ "uname -r", ohun tí ẹ ó rí ni 6.12 pẹ̀lú Ajido nídìí rẹ̀. Kì í ṣe fáàrí lásán. Òun ni ẹ ó fi mọ èyí tó jẹ́ tiyín yàtọ̀ sí ti Debian.

Bí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ tó sì dúró lójijì pé òun kò rí fáìlì ìwé ẹ̀rí kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí ".pem", ẹ má ṣe bẹ̀rù. Àkọsílẹ̀ Debian tàbí Ubuntu tí ẹ dà kọ ló ń tọ́ka sí ìwé ẹ̀rí tó wà lọ́dọ̀ àwọn nìkan. Ẹ tẹ "scripts/config --disable SYSTEM_TRUSTED_KEYS", kí ẹ tẹ̀síwájú.

Kíkọ́ rẹ̀ gan-an, àṣẹ kan ni:

make -j4 bindeb-pkg

Mẹ́rin yẹn ni iye iṣẹ́ tí i5 X230 lè ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ á máa hó, ara rẹ̀ á gbóná. Ẹ gbé e sórí tábìlì, ẹ má gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà yìí náà ni ọ̀rọ̀ bátìrì tí mo sọ ṣáájú máa jẹ yọ, torí pé NEPA kì í béèrè bóyá èèyàn ti parí iṣẹ́. Orúkọ iléeṣẹ́ náà ti yí padà tipẹ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó ń pariwo orúkọ tuntun nígbà tí iná bá dé. Ohun ìtùnú ibẹ̀ ni pé make mọ ibi tó dé. Ohun tó ti kọ́ tán wà lórí díìsìkì. Bí iná bá padà, tí ẹ sì tún tẹ àṣẹ náà, ìyókù nìkan ni yóò ṣe. Àmọ́ bí ẹ̀rọ bá kú lójijì, fáìlì tó ń kọ lọ́wọ́ lè wà níbẹ̀ ní òfìfo, make á sì rò pé ó ti parí rẹ̀. Kí ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀, ẹ pa àwọn òfìfo yẹn rẹ́:

find . -name '*.o' -size 0 -delete

Ẹni tó bá sì ní ọ̀rẹ́ tó ní kọ̀ǹpútà tó lágbára níbi tí iná wà, kó gbé ".config" rẹ̀ lọ bá a, kí wọ́n kọ́ ọ níbẹ̀. Ohun tí bindeb-pkg ń ṣe jẹ́ fáìlì .deb tó wọ fláàṣì, tí èèyàn lè gbé padà wá sí Ajido kó sì fi dpkg gbé e wọlé bó ṣe ń gbé ètò mìíràn wọlé.

Ẹ má yọ kernel Debian kúrò. Kernel tuntun máa ń wọlé sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó wà tẹ́lẹ̀ ni, GRUB, ètò tó ń pe kernel tí a bá tan ẹ̀rọ, á sì to méjèèjì sí "Advanced options" kí ẹ lè yàn. Bí ti "ajido" bá tàn, ẹ lò ó. Bí ojú ẹ̀rọ bá wá dúdú, tí lẹ́tà funfun kún un, tí ìlà tó kẹ́yìn sì kà báyìí:

Kernel panic - not syncing: VFS: Unable to mount root fs on unknown-block(0,0)

ẹ mọ̀ pé kernel kò rí díìsìkì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ahci ni kò sí nílé. Ẹ tẹ bọ́tìnnì pa ẹ̀rọ, ẹ tan án padà, ẹ yan ti Debian, ẹ lọ tún mẹ́nù wò. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Ẹ fi ìyàtọ̀ sáàárín èyí àti àrùn ara ẹ̀rọ fúnra rẹ̀: afẹ́fẹ́ etí òkun ní iyọ̀, ó sì máa ń jẹ irin ojú ihò USB. Bí fóònù bá ń wọlé tó ń jáde lórí kernel méjèèjì, ihò ni kí ẹ nù. Ẹ má fìyà jẹ kernel lórí ìyẹn.

Ohun tí wọn kì í sábà sọ fún ẹni tó ń tò kernel fún ìgbà àkọ́kọ́ ni pé, láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ sí lo tirẹ̀, apt, ètò tí Debian fi ń gbé àtúnṣe wọlé, kò bá a tọ́jú rẹ̀ mọ́. Debian ń tún ti Debian ṣe. Tiyín wà lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan ṣe àlàyé ohun tí ìyẹn lè dá sílẹ̀. Ní ọdún 2021, oníbàárà kan fi ẹjọ́ sùn níbi iṣẹ́ Max Kellermann, ẹlẹ́rọ kọ̀ǹpútà ní Jámánì, pé fáìlì tí wọ́n fi ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn tó wọ ojúlé òun kò ṣeé ṣí. Ó tún un ṣe, ó gbàgbé. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó tún ṣẹlẹ̀, ó tún ṣẹlẹ̀. Ó wá tẹ̀ lé e títí ó fi rí i pé ètò wọn kò ní ẹ̀bi kankan. Kernel ló ń kọ ohun tí kò yẹ sórí fáìlì. Láti ẹ̀dà 5.8 ti oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni àléébù náà ti wọlé. Ó sì burú ju kí fáìlì bàjẹ́ lọ: ẹnikẹ́ni tó bá ti wà lórí ẹ̀rọ, bó ti wù kó kéré tó, lè kọ ohun tó bá wù ú sórí fáìlì tí wọ́n ní kó máa wò lásán, títí kan ibi tí orúkọ àwọn tó ń lo ẹ̀rọ wà. Ọjọ́ 7 oṣù kẹta ọdún 2022 ló tú u síta, wọ́n pe àléébù náà ní Dirty Pipe. Wọ́n ti tún un ṣe ṣáájú ọjọ́ yẹn nínú 5.16.11, 5.15.25 àti 5.10.102. Ẹ wo nọ́ńbà kẹta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Òun ni nọ́ńbà àtúnṣe, òun ló sì yẹ kí ẹni tó tò kernel máa ṣọ́. Ẹni tó fi kernel 5.10 tó fọwọ́ ara rẹ̀ tò sílẹ̀ láìwò, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí.

Kì í ṣe pé kí ẹ máa sáré gbé gbogbo àtúnṣe ní ọjọ́ tó jáde o. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Debian fẹ́ gbé ẹ̀dà 12.3 jáde, wọ́n sì dá a dúró ní ọjọ́ náà gan-an, torí pé kernel 6.1.64 tó wà nínú rẹ̀ lè ba fáìlì tó wà lórí ext4 jẹ́. Wọ́n ti mú àtúnṣe kan láti inú kernel tuntun wá sínú èyí tó ti pẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò mú àtúnṣe mìíràn tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀ wá. Ọjọ́ kejì ni 12.4 jáde pẹ̀lú 6.1.66 tí ara rẹ̀ dá. Ohun tí èmi máa ń sọ fún àwọn tó bá bi mí ni pé kí wọ́n fún àtúnṣe lásán ní bí ọ̀sẹ̀ kan kó fi fẹ́ atẹ́gùn, ṣùgbọ́n kí wọ́n má sùn lórí èyí tó bá dí ihò ọlọ́ṣà.

Nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ gbé àtúnṣe wọlé, ẹ kò ní láti tún fi 150 MB ṣòfò. Fóldà kan wà lórí kernel.org tí wọ́n pè ní "incr", níbi tí wọ́n kó ìyàtọ̀ tó wà láàárín àtúnṣe kan àti èyí tó tẹ̀ lé e sí. Bí ẹ bá wà lórí 6.12.9 tí ẹ fẹ́ bọ́ sórí 6.12.10, patch-6.12.9-10.xz ni ẹ ó gbà, ó sábà máa ń kéré sí 1 MB, ohun tí èèyàn lè fi dátà alẹ́ gbà kó tó mi èémí. Inú fóldà kóòdù ni ẹ ó ti tẹ àṣẹ yìí:

xz -cd ../patch-6.12.9-10.xz | patch -p1

Ẹ ṣọ́ra fún patch-6.12.10.xz tí kò ní nọ́ńbà méjì nídìí: 6.12 gangan ni wọ́n ṣe ìyẹn fún, bí ẹ bá fi lé 6.12.9 lórí, á ta kókó. Lẹ́yìn náà, ẹ lo "make oldconfig" dípò olddefconfig, kó lè bi yín ní ìbéèrè bí ohun tuntun bá wọlé. Láàárín àtúnṣe ẹ̀dà kan náà, ìbéèrè kì í pọ̀, ó lè má sí rárá, láti 6.12 sí ẹ̀dà mìíràn ni wọ́n ti máa ń tò lọ bí ẹ̀wà. Bí ẹ bá kan èyí tí kò yé yín, ẹ tẹ àmì ìbéèrè, yóò ṣàlàyé ara rẹ̀. Bí kò bá tún yé yín, tí kò sì jẹ mọ́ ohunkóhun nínú ìwé tí ẹ kọ nígbà lspci, N ni ẹ ó fi dáhùn. Make á sì tún àwọn fáìlì tí àtúnṣe náà kàn kọ́, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí ẹ kò bá ti pa fóldà àkọ́kọ́ rẹ́. Ẹ fi kernel tiyín méjì tó kẹ́yìn sílẹ̀ nínú /boot pẹ̀lú ti Debian, kí ẹ fi "apt purge" yọ èyí tó bá ti pẹ́ ju ìyẹn lọ, torí pé lórí ẹ̀rọ tí /boot rẹ̀ dá dúró, tó bá ti kún, àtúnṣe tó kàn kò ní ríbi wọlé.